Gbòǹgbò Tó Ká Bí Òṣùká

   

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ fetí sí ohun tí mò ń kàn mọ́ tábìlì yìí. Kó, kó, kó. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ilẹ̀kùn kọ́. Gbòǹgbò igi ni. Ó ti gbẹ, ó le koránkorán, ó rí róbótó, ó sì ní ihò láàárín. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ẹnìkan ló fi igi gbẹ́ òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru omi. Ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ. Igi ọsàn ló fúnra rẹ̀ ká a bẹ́ẹ̀. Ìtàn igi ọsàn náà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.

Mo ra ọmọ igi náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta igi lẹ́bàá títì. Inú ọ̀rá dúdú ló wà. Ó ga dé àyà mi, ewé rẹ̀ ń dán. Mo gbẹ́ ihò tó fẹ̀ fún un lẹ́yìnkùlé. Mo da ilẹ̀dú sí i, mo fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa pò ó. Mo ya ọ̀rá náà, mo gbé igi sínú ihò tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Mo bomi rin ín. Mo nu ọwọ́, mo ní iṣẹ́ ti parí.

Igi náà mú. Ó dàgbà, ó so. Ní ọdún keje, òjò kan rọ̀ tòun tìjì. Kì í ṣe ìjì tó ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọsàn mi ti dùbúlẹ̀ tèso tèso. Kò ṣẹ́ láàárín o. Ó fà tu láti ìdí, bí ìgbà tí èèyàn bá fa tẹ̀tẹ̀ tu lórí ebè.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo ń kàn mọ́ tábìlì fún yín yìí. Gbòǹgbò tó nípọn jù lọ kò lọ síbì kankan. Ó yí ara rẹ̀ po, ó tún yí po, kò sì fẹ̀ ju ọ̀rá dúdú tí mo ti yà dànù láti ọdún méje. Ọ̀rá ti lọ, àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀. Mo fún igi náà ní àyè ńlá, àmọ́ mi ò tú òṣùká ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú gbólóhùn yìí dání títí tí a ó fi parí: àyè ńlá kì í tú òṣùká. Ọwọ́ èèyàn ló ń tú u.

Kí ló fà á tí gbòǹgbò fi ń ká bẹ́ẹ̀? Gbòǹgbò ò ní ojú. Ṣóńṣó orí rẹ̀ tó rọ̀ ló fi ń wá ọ̀nà. Ó ń tọ omi lẹ́yìn, ó sì ń gba ibi tí erùpẹ̀ bá ti fún un láyè. Nínú ilẹ̀ gbalasa, bó bá kan òkúta, á yà fún un, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú ọ̀rá tàbí inú ike ńkọ́? Bó bá kan ògiri, ibo ni yóò yà sí? Ẹ̀gbẹ́ ògiri náà ni yóò máa tọ̀. Á yí po lẹ́ẹ̀kan, á yí po lẹ́ẹ̀kejì. Gbòǹgbò mìíràn á bá a níbẹ̀, wọn á sì lọ́ mọ́ra wọn.

Nígbà tó ṣì rọ̀, kò tíì sí wàhálà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi máa ń le, ó sì máa ń sanra lọ́dọọdún. Bó ṣe ká nígbà tó rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sanra lọ ní kíká. Bó bá yá, ìdí igi tó ń tóbi àti gbòǹgbò tó ń tóbi á pàdé ara wọn. Gbòǹgbò á wá fún igi lọ́rùn. Ẹ rí i bí? Igi á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Omi àti oúnjẹ ò ní ráyè gòkè dáadáa. Ìdí rẹ̀ ò sì ní dúró ṣinṣin, nítorí pé kò sí gbòǹgbò tó nà lọ sápá ọ̀tún, sápá òsì, tó dì í mú nínú ilẹ̀.

Àwọn àgbà ní, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í gbà. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ṣe rí ni ti gbòǹgbò náà rí. Ohun tí abẹ fẹ́lẹ́ ìbá gé láàárín ìṣẹ́jú kan lọ́jọ́ tí mo ra igi yẹn, àáké ni mo fi gé e lẹ́yìn ọdún méje.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń rò báyìí. Ẹ ń wí pé, "Bàbá, ṣebí gbòǹgbò lẹnu igi. Bí a bá gé ẹnu rẹ̀, kí ni yóò fi mu omi?" Ìbéèrè gidi ni. Ìyá kan tó ń ta òdòdó àti tẹ̀tẹ̀ ládùúgbò wa bi mí bẹ́ẹ̀ gan-an lọ́jọ́ kan tí mo yọ abẹ sí ọjà rẹ̀. Ó di òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú bí ìyá ọmọ tuntun ṣe ń di ọmọ mú nígbà tí olóòlà bá dé.

Mo ní, "Ìyá, bí ẹ bá já ọ̀mùnú tẹ̀tẹ̀, kí ló máa ń tẹ̀lé e?"

Ó ní, "Á pẹ̀ka."

Mo ní, "Ẹ̀ka mélòó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ó tó èyí tí mò ń já tà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta."

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbòǹgbò. Ṣóńṣó orí gbòǹgbò tó ń gùn lọ ni ọ̀gá. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, àwọn tó yẹ kó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa tòògbé. Bí a bá gé orí ọ̀gá yẹn, àwọn tó ń tòògbé á jí. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á yọ lẹ́yìn ojú ibi tí a gé. Àwọn wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni ẹnu igi gan-an, pẹ̀lú irun tíntìntín tó wà lára wọn, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Gbòǹgbò tó nípọn, páìpù ni, òpó sì ni. Ó ń gbé omi lọ, ó ń di igi mú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gé èyí tó nípọn tó ti ká, tí a sì dá èyí tó wẹ́ sí, a ò gé ẹnu igi. A la ẹnu tuntun fún un ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé o. Mi ò ní kí ẹ máa gé e bí ẹni ń gé iṣu. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo gbòǹgbò tó wà nínú ike ni òpin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ iṣẹ́ náà, kó dúró sí ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ike ti há mọ́ igi? Igi fúnra rẹ̀ á sọ. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ewé ti rọ. Ẹ da omi sí i lórí, omi ń sáré jáde nísàlẹ̀ bí ẹni pé kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ní tòótọ́, erùpẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, gbòǹgbò ló kún ibẹ̀. Ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ ike, gbòǹgbò ti yọ orí síta. Ẹ wo ewé, kò yọ tuntun, ògbólógbòó ń pọ́n. Bí ẹ bá rí méjì nínú àmì wọ̀nyí, àkókò ti tó láti ṣí i wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ká ní ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ gbìn sínú ike ọ̀dà kékeré, ẹ sì fẹ́ gbé e sínú èyí tó tóbi jù ú lọ.

Ẹ bomi rin ín lọ́jọ́ tó ṣáájú. Igi tó ti mu omi yó ló lè fara da ọ̀bẹ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ti rọlẹ̀. Ẹ wá abẹ tàbí ọ̀bẹ tó mú, kí ẹ sì fi sípírítì nù ún. Kí nìdí? Nítorí pé ọ̀bẹ tó kú á fọ́ gbòǹgbò ni, kò ní gé e. Ọ̀bẹ ìdọ̀tí á sì kó àrùn wọ ojú ọgbẹ́.

Ẹ gbé ike náà dùbúlẹ̀. Ẹ máa gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, yíká yíká. Ẹ má di igi lọ́rùn mú kí ẹ máa fà á o. Ike la ń fà kúrò lára igi, a kì í fa igi kúrò nínú ike. Nígbà tó bá jáde, ẹ ó rí i pé erùpẹ̀ náà dúró bí ìrísí ike gẹ́lẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti hun bí ẹní.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Gbòǹgbò tó dá ṣáṣá máa ń le lọ́wọ́, ó sì máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Èyí tó ti jẹrà á dúdú, á rọ̀ mùjẹ̀mùjẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì ní dára. Ẹ gé gbogbo èyí tó ti jẹrà dànù, ẹ má ro ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tú èyí tó kù, bí ìgbà tí a bá ń tú irun ọmọdé tó ti dì. Èyí tó bá gbà kó tú, ẹ nà án síta. Èyí tó nípọn tó sì ti yí po tí kò gbà, ẹ gé e. Ẹ gé ẹní ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, kó má nípọn ju ìka kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ la ẹ̀gbẹ́ erùpẹ̀ náà láti òkè wá sísàlẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó má jìn ju oríkèé ìka àkọ́kọ́ lọ. Kí ni lílà yìí wà fún? Òun ló ń já àwọn tó ń yí po tí ojú wa ò rí. Ibi tó bá ti já ni tuntun á ti yọ, èyí tó bá sì yọ á dojú kọ ìta.

Ẹ tètè ṣe é. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ atẹ́gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí yín láàárín iṣẹ́, ẹ fi àpò tútù bo ìdí igi náà kí ẹ tó dá a lóhùn.

Ike tuntun ńkọ́? Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó? Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, "Kí n má baà tún un ṣe lọ́la, ẹ jẹ́ kí n gbé e sínú dírọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan." Rárá o. Àyè ìka méjì yíká igi náà ti tó. Bí ike bá tóbi jù, erùpẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí gbòǹgbò lè mu omi inú rẹ̀ lọ. Omi á dúró síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ẹ rí i pé ike náà ní ihò nísàlẹ̀. Òkúta tí àwọn kan ń tẹ́ síbẹ̀ kò lè rọ́pò ihò.

Ẹ po ilẹ̀dú mọ́ iyanrìn díẹ̀ àti ewé tó ti jẹrà. Ẹ gbé igi náà sí i, kí ìdí rẹ̀ má rì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ọsàn tí wọ́n lẹ ẹ̀ka òmíràn mọ́, ẹ má jẹ́ kí erùpẹ̀ bo ojú ibi tí wọ́n lẹ̀. Ẹ tẹ erùpẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì bomi rin ín títí tí omi á fi jáde nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, aláìsàn máa ń sinmi ni. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ewé rẹ̀ bá pọ̀, ẹ gé díẹ̀ kúrò, kí ohun tó ń fẹ́ omi lókè má pọ̀ ju ohun tó ń wá omi nísàlẹ̀ lọ. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ o! Ajílẹ̀ lójú ọgbẹ́, iyọ̀ lójú egbò ni. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí ewé tuntun. Ọjọ́ tí ewé tuntun bá yọ lókè, ẹ mọ̀ pé gbòǹgbò tuntun ti yọ nísàlẹ̀.

Ṣé gbogbo ohun ọ̀gbìn la lè gé gbòǹgbò rẹ̀? Ó tì o. Ìbẹ́pẹ kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìdí òun. Ẹ̀gúsí, elégédé àti kùkúńbà náà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé wọn tòun ti erùpẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré, tàbí kí ẹ gbìn wọ́n síbi tí wọ́n máa dàgbà sí. Tòmátò àti ata ńkọ́? Oṣù díẹ̀ ni wọ́n ń lò láyé. Bí ẹ bá gé wọn jinlẹ̀, ìgbà tí wọn ì bá fi so ni wọ́n ó fi wo ọgbẹ́. Ẹ fi ìka tú ìdí wọn díẹ̀, ó tó. A kì í sì gé gbòǹgbò igi tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, tàbí èyí tó kún fún òdòdó àti èso. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́ tí atẹ́gùn ń gbẹ ètè èèyàn, ká má tíì sọ ti ewé. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dára jù.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó á ti máa mi orí báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Inú ọ̀rá ni ọmọ kòkó ń gbé fún bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí òjò tó dé. Gbòǹgbò àárín rẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀. Bó bá kan ìdí ọ̀rá, á tẹ̀, á sì lọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ìdí ọ̀rá náà tòun ti ohun tó lọ́ níbẹ̀, ìwọ̀n ìka kan péré, kí ẹ tó ya ọ̀rá tó kù. Gbòǹgbò àárín tó bá gùn ju ihò lọ, ẹ gé e kó tọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé. Gbòǹgbò tí a gé á yọ òmíràn, èyí tí a tẹ̀ á dúró ní títẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kòkó bá rú lójú, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1964 ṣì wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, nítòsí Ìbàdàn. Ti èso àti ẹ̀fọ́ wà ní Ìdí-Ìṣin, ní Jẹ́ríkò, nílùú Ìbàdàn, láti ọdún 1975.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Bí ẹ̀rù abẹ bá ń bà yín, afẹ́fẹ́ lè bá yín gé e. Báwo? Ẹ gbin igi náà sínú apẹ̀rẹ̀ tòmátò, kí ẹ sì gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù méjì kó má kanlẹ̀. Bí gbòǹgbò bá yọ orí láti ojú apẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn á gbẹ ẹ́ lórí, kò ní lè gùn mọ́, á sì pẹ̀ka sínú erùpẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ọmọ igi tà, ẹ gbé ọ̀rá yín kúrò nílẹ̀, ẹ tò ó sórí tábìlì wáyà. Oníbàárà yín ò ní kan gbòǹgbò òkú mọ́ tábìlì rédíò.

Ṣé igi tí wọ́n ń gé gbòǹgbò rẹ̀ léraléra lè pẹ́ láyé? Ẹ gbọ́ èyí. Igi páínì kan wà tí àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú nínú ìkòkò lọ́dún 1625. Ní orílẹ̀-èdè wọn, iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni kí igi wà nínú ìkòkò kékeré. Bí ọdún mélòó kan bá ti kọjá, wọ́n á yọ igi náà, wọ́n á gé nínú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ erùpẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Ìdílé Yamaki ní ìlú Hiroshima ló ni igi tí mò ń wí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1945, nígbà tí bọ́ǹbù àtọ́míìkì bọ́ lé ìlú náà, igi yẹn wà lẹ́yìn ògiri nínú ọgbà wọn. Kò kú. Ní 1976, wọ́n fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, ìyẹn orílẹ̀-èdè tó ju bọ́ǹbù náà. Ó wà ní Washington di òní. Bàbá tó fi tọrẹ kò sọ ohun tí ojú igi náà ti rí. Ìgbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wò ó ní 2001 làwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ tó mọ̀. Igi tó gbé ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin nínú ìkòkò, ẹ ò rí i pé ọwọ́ tó ń gé gbòǹgbò rẹ̀ kò pa á?

Ẹ̀yin èèyàn mi, àsìkò ti ń lọ. Kí la sọ? A ní gbòǹgbò tó ti ká nínú ike, kíká náà ni yóò máa ká. A ní ẹ fi ìka tú èyí tó bá gbà, ẹ fi abẹ mímọ́ gé èyí tí kò bá gbà, ẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. A ní àyè ìka méjì ti tó, ibòji lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ajílẹ̀ títí ewé tuntun á fi yọ. A sì tún un sọ pé, àyè ńlá kì í tú òṣùká.

Ẹ bá mi ṣe ohun kan láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ gbé ọ̀kan nínú ìkòkò òdòdó yín sókè, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí á sọ iṣẹ́ tó kù fún yín.

Ní tèmi, mo gbin ọsàn mìíràn sójú ibi tí ti àkọ́kọ́ ti wó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tú u, mo gé e, kí n tó gbé e sínú ilẹ̀. Ìjì ti jà lórí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni gbòǹgbò rẹ̀ ti rí nísàlẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Gbòǹgbò igi tó wó nìkan ni mo rí rí, òun ni mò ń kàn mọ́ tábìlì yìí: kó, kó, kó. Ti ìkejì, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí i.